Ìmọ́lẹ̀ Ẹ̀yìn Yímíyímí

"Àǹtí Kòfo, mi ò wá fi ẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn yín. Ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá jà."

Bí Fadilah ṣe wọlé mi ní Sùúrùlérè lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, mi ò tíì bọ́ bàtà. Ọmọ tí kì í wo ojú àgbà láìkúnlẹ̀, ó gbàgbé ìkíni sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì mi, ó sì nàka sí i.

Mo wọ awò ojú mi. Fótò yímíyímí kan ni, ó ń yí ìgbẹ́ màlúù lọ bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ ẹni tó ya á sún mọ́ ọn débi pé mo lè ka irun ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró pò mọ́ra wọn níbẹ̀. Lábẹ́ fótò náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje fótò kòkòrò fún gbogbo Áfíríkà, àti pé Gbádé Adéṣínà ló ya á.

Àbúrò mi ni Gbádé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá wa kú, èmi ni mo sì tọ́ ọ dàgbà. Òun ni olórí ẹgbẹ́ ayafótò kòkòrò tí Fadilah àti Mùíz wà.

"Èmi ni mo ya á, ma," Fadilah wí. "Ọjọ́ Sátidé tí òjò rọ̀ mọ́jú, lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀. Ìwọ ya á, Mùíz ya á, Gbádé náà ya á. Kòkòrò kan ṣoṣo ni gbogbo yín yà."

"Ẹ wo èyí nígbà náà."

Ó ṣí lẹ́tà kan fún mi. Ó ti kọ̀wé sí àwọn tó ṣètò ìdíje náà láti fẹjọ́ sùn, wọ́n sì ti dá a lóhùn pé Gbádé fi fótò gidi tó tinú kámẹ́rà wá ránṣẹ́, àti pé ẹlẹ́rìí kan tó wà níbẹ̀ ti fọwọ́ sí i pé ojú òun ló ṣe nígbà tó ń ya á. Wọ́n fi ìwé ẹlẹ́rìí náà sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Kòfowórọlá Adéṣínà, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì. Ìfọwọ́sí mi nìyẹn lóòótọ́, kò sí ẹni tó yí i.

Mo jókòó. Mo rántí ìwé ọ̀hún. Mò ń dín dòdò lọ́wọ́ nígbà tí Gbádé gbé e wá, ó ní ìwé tí àwọn fẹ́ fi forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni. Mo fi ọwọ́ elépo gba bírò, mo fọwọ́ sí i, mo sì padà sídìí iná. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, mo máa ń bú àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé tí wọn ò kà bí ẹni bú ọmọ ọ̀dọ̀. Ojú tì mí níwájú ọmọbìnrin yìí.

"Mi ò mọ ohun tí mo fọwọ́ sí," mo sọ fún un.

Mo rí i pé ó fẹ́ gbà mí gbọ́, àmọ́ ó ń ṣọ́ra.

"Ọ̀la ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn ẹjọ́, ma. Aago méjìlá ọ̀sán. Ẹni tó bá gba ipò kìíní ni wọ́n máa mú lọ sí Kẹ́ńyà fún ọdún kan, wọ́n á kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí dáadáa. Bàbá mi ti ní tí mi ò bá yege, kí n kó ẹrù mi kúrò ní Yábàá, kí n wá dúró ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí. Mi ò tún ní ẹ̀bẹ̀ kankan lẹ́nu mọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹgbẹ́ wọn ṣe ń ṣe é, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Láràárọ̀ Sátidé, Gbádé máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ kan rìn nínú igbó kékeré tó wà lẹ́bàá ọ̀sà ní Yábàá, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta igi òdòdó. Dókítà ló ní kí n máa rìn, ni mo ṣe ń bá wọn lọ. Wọn kì í yára. Wọ́n á ṣí ewé wò, wọ́n á kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ fún tata. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní, aago inú rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Tó bá ti kan ẹnì kan, yóò ki káàdì tirẹ̀ bọ inú kámẹ́rà, yóò sì fi ìbòjú tirẹ̀ bo iná rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà le jù lára kòkòrò. Ẹni tó rí kòkòrò ló ń kọ́kọ́ ya á. Gbádé tó jẹ́ olórí ló ń kẹ́yìn. Ẹ̀mẹta péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ya, kí wọ́n má baà da kòkòrò láàmú. Tí wọ́n bá ṣe tán, Gbádé á gba gbogbo káàdì lọ sílé, á da fótò inú wọn sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, á sì dá wọn padà lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè.

"Káàdì tìrẹ ńkọ́?" mo bi í.

"Bọ̀ọ̀dá Gbádé dá a padà, wọ́n ní ó ti bàjẹ́, kò ṣí. Mo ní kò burú. Èmi ni mo tún ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú pé káàdì mi da iṣẹ́ wọn rú."

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn nínú gbogbo ohun tó sọ.

Ó tún gbé fóònù, ó fẹ fótò náà. "Ẹ wo ìmọ́lẹ̀ tó hàn lẹ́yìn kòkòrò yìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bíi dígí, ó gbé àwòrán ìbòjú iná jáde. Ṣé ẹ rí i? Igun mẹ́rin ló ní. Ike funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ fún wa níbi iṣẹ́ ni mo gé ṣe tèmi, igun mẹ́rin ni. Ti Bọ̀ọ̀dá Gbádé rìbìtì ni. Ẹ wá sọ fún mi ẹni tó ya á."

Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni. Inú mi dùn sí i, àmọ́ mo ní láti já a kulẹ̀.

"Mo rí Gbádé lọ́jọ́ náà," mo sọ fún un. "Orí gbòǹgbò igi ni mo jókòó sí. Nígbà tó kúnlẹ̀ láti ya tirẹ̀, ike funfun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tìrẹ ló yá lò."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Mi ò mọ̀. Màámi ló pè mí nígbà tí mo ya tèmi tán, mo gbé ike fún Mùíz kó bá mi mú un, mo lọ gbọ́ ìpè."

"Ibo ni ike náà wà?"

Ó mú un jáde nínú báàgì. Ike pẹlẹbẹ funfun ni. Tépù dúdú kan gba àárín rẹ̀ kọjá láti igun kan dé ìkejì, irú èyí tí àwọn oníná fi ń di wáyà.

"Kí ni tépù yìí ń ṣe níbí?"

"Ó ti sán. Mi ò mọ ẹni tó fọ́ ọ. Nígbà tí mo délé ni mo rí i."

"Nígbà tí ìwọ lò ó ńkọ́?"

"Kò sí ohunkóhun tó ṣe é, ma. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gé e."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún wo ẹ̀yìn yímíyímí. Ìmọ́lẹ̀ igun mẹ́rin náà mọ́ tónítóní. Tí tépù dúdú bá wà lójú ike nígbà tí wọ́n ya fótò yìí, ilà dúdú kan ì bá ti hàn nínú rẹ̀. Kò sí ilà kankan. Nítorí náà, ìgbà tí ike yẹn kò tíì sán ni wọ́n ya á. Ohun tó kù tí mo ní láti mọ̀ ni ìgbà tó sán. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí Gbádé lò ó tán ni, àbúrò mi lè jẹ́ olóòótọ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò fi pamọ́ fún yín, mo gbàdúrà sí i.

"Lọ sílé," mo sọ fún Fadilah. "Fi ike yìí sílẹ̀ fún mi. Má sì bá Gbádé sọ̀rọ̀."

Ẹnì kan wà tí mo lè fura sí dípò Gbádé, Mùíz ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò ti wá rìn pẹ̀lú wọn, láti Sátidé yẹn gan-an. Ó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ojú Ẹlẹ́gbà, káàdì tó bàjẹ́ sì ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá lè ba káàdì jẹ́ kó tún kó ohun inú rẹ̀, òun ni. Mo ti ń kọ ẹjọ́ rẹ̀ lọ́kàn mi kí n tó dé ibẹ̀, inú mi sì dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Bó ṣe rí mi, ó sọ irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ohun tẹ́ ẹ bá wá."

"O mọ̀ ọ́n?"

"Ọ̀rọ̀ Fadilah ni. Mo ti fẹ́ sọ fún un, ojú ló ń tì mí. Ìdí tí mi ò fi wá mọ́ nìyẹn. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, I swear."

Àyà mi fúyẹ́. Mo fa àga, mo jókòó, mo ní kó sọ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

"Ó gbé ike ẹ̀ fún mi kí n mú un dání. Mo gbé e sílẹ̀ kí n lè ráyè ya tèmi. Mo wá fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ó dún pàù. Mo ní tépù nínú báàgì, mo sáré lẹ̀ ẹ́. Màá ra òmíràn fún un, mummy, mo tiẹ̀ ti bá oníke sọ̀rọ̀."

Mo wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, òógùn ń jáde níwájú orí rẹ̀ nítorí ike tí wọ́n máa ń jù sí ààtàn.

"Ṣé ọ̀rọ̀ ike nìkan lo mọ̀?"

"Kí ló tún ṣẹlẹ̀?"

"Mùíz, fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìgbà wo lo lẹ tépù yẹn? Ṣé kí Gbádé tó lò ó ni, àbí lẹ́yìn tó lò ó tán?"

"Kó tó lò ó ni. Bọ̀ọ̀dá Gbádé ń jágbe pé kí n yára, pé kòkòrò ti fẹ́ lọ. Mo lẹ̀ ẹ́ tán ni mo gbé e fún wọn. Àwọn ni wọ́n ní kí n mú ike yẹn wá."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Kò mọ ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ fún, mi ò sì ṣàlàyé. Títí mo fi dé ilé ni mo ń wá ọ̀nà mìíràn tí ọ̀rọ̀ yìí lè gbà jẹ́, mi ò rí i.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wà lẹ́nu ọ̀nà Gbádé ní Yábàá kí aago mẹ́wàá tó lù. Kéèkì tí wọ́n ti gé jẹ dé ìdajì wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó dì mọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Àná ni mo ti fẹ́ pè yín."

"O ò pè mí."

"Èrò ló pọ̀. Ẹ má bínú. Ṣé ẹ ti rí i?"

"Mo ti rí i. Mo fẹ́ fi yangàn fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n má lọ bi mí ní ìbéèrè kí n máa wò bọ̀ọ̀. Sọ fún mi bó o ṣe ya á."

Ó sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ó sọ bí ilẹ̀ ṣe tutù, bó ṣe mú èémí dúró, bí kòkòrò náà ṣe yíjú sí i. Tí mi ò bá mọ ohun tí mo mọ̀, màá ti pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ìbòjú tìẹ rìbìtì," mo wí. "Ìmọ́lẹ̀ ibí yìí ní igun mẹ́rin."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ojú ọlọ́pàá. Ti Fadilah ni mo yá. Mùíz ló gbé e lé mi lọ́wọ́."

"Lẹ́yìn tí Mùíz ti ya tirẹ̀ tán?"

"Èmi ni mo ń kẹ́yìn, ẹ̀yin náà mọ̀."

"Ẹ̀mẹta lo ya?"

"Ẹ̀mẹta ni. Ṣé màá rú òfin tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ni?"

"Fi méjì yòókù hàn mí."

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ní fótò gidi lọ́wọ́ kì í bẹ̀rù láti fi í hàn, fótò méjì yẹn sì jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tò wọ́n síta. Mo ní kó fi èyí tó gba ipò kìíní sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi fóònù mi ya ojú kọ̀ǹpútà náà, ó rò pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ fi í hàn.

Kòkòrò kan náà ni, ìmọ́lẹ̀ igun mẹ́rin kan náà. Àmọ́ nínú méjì tó jẹ́ tirẹ̀, ilà dúdú kan gé ìmọ́lẹ̀ náà láti igun kan dé ìkejì. Ìkẹta mọ́.

Mo mú ike jáde, mo gbé e sí iwájú rẹ̀.

"Kí ni tépù yìí ń ṣe níbí, Gbádé?"

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń wà. Fadilah máa ń lẹ nǹkan kiri."

"Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló gé e. Lẹ́yìn tí Fadilah lò ó tán ni Mùíz fi orúnkún fọ́ ọ, ó sì lẹ̀ ẹ́ kó tó gbé e fún ọ. Ìwọ ò rí i rí láìsí tépù. Ẹnì kan ṣoṣo ló lò ó nígbà tí kò tíì sán."

Ó wo fótò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo rí ìgbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sórí ilà náà. Tẹ́lẹ̀, ojú tí èèyàn fi ń wo nǹkan tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ ló fi ń wò ó.

"Ó lè jẹ́ pé tépù yẹn ṣí nígbà tí mo ya àkọ́kọ́..."

"Gbádé."

Ó bo kéèkì náà, ó ń tún etí bébà rẹ̀ tò, ó ń tò ó, kò wò mí.

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, Ẹ̀gbọ́n," ó wí nígbà tó yá. "Á tún rí òmíràn. Èmi ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Ta ló kọ́ ọ? Ta ló fi bó ṣe máa kúnlẹ̀ hàn án? Tí mi ò bá mú un wọ igbó yẹn, ṣé ó máa mọ̀ pé kòkòrò ní ojú? Mo ṣí káàdì rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo rí fótò kan tí èmi ò lè yà láéláé. Ogún ọdún ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Oṣù mẹ́jọ lòun."

"Ìwé tí mo fọwọ́ sí ńkọ́?"

"Ẹ ò kà á."

"Mi ò kà á nítorí pé ìwọ lo gbé e wá."

"Tí mo bá sọ ohun tó jẹ́ fún yín, ṣé ẹ máa fọwọ́ sí i?"

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé ìdí tó fi gba ọ̀nà kan dípò òmíràn. Ibẹ̀ ni inú mi ti bàjẹ́ pátápátá. Mo ti bá àwọn olè tó jalè nítorí ebi pàdé, mo ti bá àwọn tó jalè nítorí ojúkòkòrò pàdé, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kọ́kọ́ wò mí nídìí iná mi, tó rí i pé mo fẹ́ràn òun débi pé mi ò ní ka ìwé, tó wá sọ ìyẹn di irinṣẹ́.

Mo mú fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ pé èmi Kòfowórọlá Adéṣínà yọ ẹ̀rí mi kúrò, pé wọ́n tàn mí ni mo fi fọwọ́ sí i, pé Fadilah ló ni fótò náà, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tépù. Mo so àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn.

Gbádé dọ̀bálẹ̀. "Ẹ bá mi sọ fún Fadilah, mo máa fún un ní ohunkóhun tó bá fẹ́. Ẹ má fi ránṣẹ́. Gbogbo Yábàá ló ti gbọ́. Ibo ni mo máa gbójú sí? Ìyá wa ní kí ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí láyé. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́."

Lóòótọ́ ni, ìyá wa sọ ọ́. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún ni mo tẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà náà sì lọ.

Ó dìde nílẹ̀. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó gbé báàgì mi fún mi, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Mo dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo rò pé ó máa pè mí padà.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni Fadilah pè. Wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ láti Kẹ́ńyà, wọ́n ti yọ orúkọ Gbádé, wọ́n ti fi tirẹ̀ rọ́pò. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Ó ní bàbá òun ń jó ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Àǹtí, ṣé Bọ̀ọ̀dá Gbádé sọ nǹkan kan nípa mi? Ṣé wọ́n ní kí ẹ bá àwọn bẹ̀ mí?"

Gbogbo ohun tó fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ó ti gba Kẹ́ńyà tán, ẹ̀bẹ̀ yẹn ló kù.

"Ó ní kí n bẹ̀ ọ́," mo wí. "Ó ní kí o dárí ji òun."

"Ẹ ò mọ irọ́ pa, ma," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Mi ò mọ̀ ọ́n pa. Nínú ilé wa, àbúrò mi nìkan ló mọ̀ ọ́n pa."

Mo ní kó lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀ yọ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀ kí ó tó gbọ́ ẹkún mi.